Bí Másùnmáwo Ibi Iṣẹ́ Bá Mú Yín Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀: Ẹ̀tọ́ Yín Lábẹ́ Òfin

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará ilé gbogbo, kì í ṣe ibà àti ìgbẹ́ gbuuru nìkan ni ó ń ba ìlera ìdílé jẹ́. Iṣẹ́ oṣù pẹ̀lú lè bà á jẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ ti wà lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀gbà; nígbà tí wọn yóò bá fi padà dé, àwọn ọmọ ti sùn. Bí èébú ọ̀gá, iṣẹ́ tí kò lópin àti àìsinmi bá wá kún èyí, kò ní pẹ́ tí ara yóò fi sọ̀rọ̀: oorun kò ní wá mọ́, orí yóò máa fọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ru, ìbínú tí ọ̀gá dá sílẹ̀ yóò sì máa já lé ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí. Èyí ni a ń pè ní másùnmáwo. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹlòmíràn a kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ẹbí a sì máa sọ pé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ohunkóhun láti béèrè. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ pé iṣẹ́ lè pa ọkàn ènìyàn lára, ó sì mọ̀ pé a lè fi ìyà lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìfún un ní ìwé ìdádúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ṣe kí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín ni ó ń sọ bí ẹ ó ti rí ẹ̀tọ́ náà gbà.

Dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Yábàá. Kí ojú má ṣe tì yín láti lọ sí Yábàá, nítorí kì í ṣe ẹni tí ó ti já sí ìgboro nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún dókítà pé orí ń fọ́ yín kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí ojú yín ń rí, kí ó lè kọ ọ́ sínú ìwé yín. Òfin Iṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí Labour Act, fún òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ akọ̀wé ní ìsinmi àìsàn tí ó tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Nígbà mìíràn ìsinmi yìí nìkan ti tó. Òfin kan náà ní kí òṣìṣẹ́ ní odidi ọjọ́ kan tí yóò fi sinmi lọ́sẹ̀, kí ìyá tí ó ń tọ́mọ sì rí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bí wọ́n bá ń fi ìwọ̀nyí dù yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé sí ọ̀gá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sí ilé. Ẹ̀dà ìwé yìí wúlò ju ẹjọ́ tí a rò fún aládùúgbò lọ.

Òfin kejì ni Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ nìkan ni òfin yìí wà fún. Ìpín kẹjọ rẹ̀ dárúkọ másùnmáwo pàápàá: bí ó bá jẹ́ ohun ẹ̀rù òjijì ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí bí dókítà tí a fọwọ́ sí bá rí i pé irú iṣẹ́ náà ni ó fa àìsàn ọkàn ọ̀hún, owó lè tọ́ sí òṣìṣẹ́. Àjọ NSITF ni ó ń san án, láti inú owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá, náírà kan nínú 100 náírà owó oṣù. A kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sílé fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó ronú òfin.

Ó wá ku ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ pé “ìdí tí ó kàn mí” ni àwọn fi ń lọ, wọn a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó ń bú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ lọ́la, ìwé ọpẹ́ yìí ni agbanisíṣẹ́ yóò kọ́kọ́ nà síta. Ẹ kọ òtítọ́ ní ṣókí, láìsí èébú. Ní ọdún 2014, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ṣe ìdájọ́ lórí òṣìṣẹ́bìnrin ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan tí wọ́n ní kí ó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà kà á sí pé lílé ni wọ́n lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí agbanisíṣẹ́ bá mú kí ibi iṣẹ́ le koko títí òṣìṣẹ́ fi sá. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá, ìyà náà sì gbọ́dọ̀ wúwo. Ẹni tí ó bá pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ohun tí ó ń rò lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa fúyẹ́. Ní ti ìfipá-báni-lò àti ìyọlẹ́nu ọ̀gá, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní C190 ní ọdún 2022.

Agbanisíṣẹ́ kò lè sọ pé òun kò gba ìwé yín: ọjọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ó ti múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, kí ẹ mọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú. Níbi tí Labour Act bá ti kàn yín, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí ó ti lé ní oṣù 3 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, àti oṣù 1 fún ẹni tí ó ti pé ọdún 5 sókè. Ẹni tí ó bá lọ láìsọ lè jẹ gbèsè owó ìgbà náà.

Bí owó agbẹjọ́rò kò bá sí, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń parí aáwọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá lọ́fẹ̀ẹ́, Office of the Public Defender sì ń gbèjà aláìní. Kí ẹ tó lọ, ẹ kó ìwé dókítà, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ kọ dání. Bí ẹ bá sì ní àpò owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹ kò tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù 4 kọjá láìríṣẹ́ mìíràn, òfin ọdún 2014 gbà yín láyè láti béèrè fún ohun tí kò ju ìdá mẹ́rin owó náà lọ, kí ẹ lè fi bọ́ ilé títí iṣẹ́ yóò fi dé.