Ìdí Tí Gbèsè Tó Ti Tán Fi Kù Nínú Kọ̀ǹpútà

Màmá mi ń ta aṣọ ní Ayétòrò. Mo ṣe áàpù kékeré kan fún wọn láti máa fi mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Kí nọ́ńbà má baà gùn, mo fi ẹgbẹ̀rún náírà ṣe 1; ọgọ́rùn-ún náírà wá di 0.1.

Obìnrin kan jẹ 1,000 náírà. Ó ń san 100 náírà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Áàpù mi ní gbèsè ṣì kù, ni Màmá bá sìn ín ní gbèsè lójú ọjà. Obìnrin náà ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n máa ń fa ìlà sí tẹ́lẹ̀ wá. Ìlà mẹ́wàá pé síbẹ̀! Ojú tì mí. Mo yẹ áàpù wò: gbèsè tó kù jẹ́ 0.00000000000000013878.

Kí ló fà á? Ẹ pín 1 sí ọ̀nà mẹ́ta: 0.3333…, kò lópin. Ibi yòówù kí ẹ dúró sí, ó máa dín díẹ̀. Bí ìdámẹ́wàá ṣe rí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, torí 0 àti 1 nìkan ló fi ń kà. Ìdajì àti ìdámẹ́rin ò ni ín lára, ṣùgbọ́n 0.1 kò lópin níbẹ̀. Nínú ìlànà IEEE 754 tó jáde ní 1985, bíìtì 64 ni àyè tí nọ́ńbà onípọ́ìǹtì sábà máa ń ní. Bí àyè bá tán, kọ̀ǹpútà á mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Àṣìṣe kékeré yẹn ló ń kóra jọ.

Ẹ má fojú kéré e o. Ní oṣù Kejì 1991, ní Dhahran ní Saudi Arabia, ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ̀rọ Patriot ti Amẹ́ríkà fi ń ka àkókò. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 100, aago rẹ̀ ti fi bí 0.34 ìṣẹ́jú àáyá yà. Kò lè dá ohun ìjà Scud tó ń bọ̀ dúró. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 28 ló kú.

Ọ̀nà àbáyọ ò le: ẹ fi kọ́bọ̀ ka owó. 100 náírà jẹ́ kọ́bọ̀ 10,000, odidi ni, kò ní pọ́ìǹtì. Paystack pàápàá, kọ́bọ̀ ló ní ká fi kọ iye owó ránṣẹ́.

Mo ti tún áàpù náà ṣe. Odidi ló ń kà báyìí, bí ìlà inú ìwé Màmá.