Bí Igbó Mímu Ṣe Ń Dé Ibùjókòó Làákàyè

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá pé: "Ẹ jọ̀wọ́ Àáfà, ewé ni igbó, ewé sì ni tẹ̀tẹ̀. Kí ló dé tí èéfín ọ̀kan ń yí ènìyàn lórí, tí ọbẹ̀ èkejì kò sì ṣe nǹkan kan?" Kò yẹ kí a fi ìbínú dáhùn irú ìbéèrè yìí. Èkìtì wa kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ NDLEA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ti pa oko igbó run ní ìpínlẹ̀ yìí. Èsì wa nìyí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ni THC. Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1964. Ọlọ́ràá ni, inú epo ló ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú omi. Ọ̀rá náà ni awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara wa. Bí THC bá ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì dé ọpọlọ, yóò wọ inú awọ yìí bí òróró ṣe ń wọ inú òrí.

Aṣọ́nà kan wà nínú awọ náà tí à ń pè ní CB1. Ó gùn bí okùn, ó sì gba inú awọ kọjá lẹ́ẹ̀meje bí òwú nínú aṣọ. Ọ̀pá méje náà fi àyè kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àyè náà kò fẹ́ omi, ọ̀rá ló fẹ́. Ẹni tí CB1 yóò gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́ràá, kí ìrísí rẹ̀ sì bá àyè náà mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu.

Ta ni a dá àyè náà fún? Kì í ṣe igbó. Ní ọdún 1992, William Devane, Mechoulam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ońṣẹ́ kan tí ara wa fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀rá ṣe. Anandamide ni wọ́n pè é. Ìgbà tí ara bá nílò rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í sì í pẹ́ tó fi ń fọ́ ọ.

Bí ońṣẹ́ bá jókòó sí àyè rẹ̀, kò ní wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá kẹfà ni yóò sún sí ẹ̀gbẹ́ ní ìsàlẹ̀, àlàfo yóò sì là nínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì G, tó ní apá mẹ́ta, yóò ti ìdí bọ àlàfo náà. Yóò sọ ẹrù tó gbé, ìyẹn GDP, kalẹ̀, yóò gbé GTP dípò rẹ̀, yóò sì pín sí méjì. Ọ̀kan yóò dín cAMP kù nínú sẹ́ẹ̀lì. Èkejì yóò ti ọ̀nà tí calcium ń gbà wọlé. Báyìí ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dín iṣẹ́ tó ń rán sí ẹnìkejì rẹ̀ kù. Alfred Gilman àti Martin Rodbell gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1994 nítorí pé wọ́n ṣàwárí purotéènì G.

Anandamide ń sọ pé "rọra" níbi tó yẹ, fún ìgbà díẹ̀. THC ń sọ ọ́ káàkiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí. CB1 sì pọ̀ níbi tí a fi ń rántí nǹkan àti níbi tí a fi ń dúró ṣinṣin. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń mu igbó fi ń kọ́ ojú ewé kan sórí láàárọ̀, tí yóò sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọdún 25.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ ìrètí nù. Bí ènìyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, CB1 á máa dín kù nínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé bí wọ́n bá jáwọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, CB1 á padà sí ipò rẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Nítorí náà, ẹ má lé ọmọ jáde nílé. Ẹ jókòó tì í.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ làákàyè àwọn ọmọ wa. Àmín.