Olùdáhùn Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fọkàn Tán?

Kí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ṣí, ìbéèrè kan ní láti ṣáájú. Orúkọ ni ènìyàn ń tẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà a kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà tí ó ni orúkọ náà. Paul Mockapetris ni ó gbé ètò ìbéèrè yìí, DNS, kalẹ̀ ní ọdún 1983, gbangba ni ó sì ń gba kọjá. HTTPS, tí ó dé ní 1994, sọ ohun tí ènìyàn ń kà di àrokò tí ará ọ̀nà kò lè tú, àmọ́ kò fọwọ́ kan ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tí ó ń ka ìwé nípa àìsàn ara rẹ̀ lóru lè rò pé òun nìkan ni ó mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un mọ ilé tí ó yà sí.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i ní 2017, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fagi lé ìlànà tí ì bá ká irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò láti má ta ìròyìn ìrìn oníbàárà láìgbàṣẹ. Ní oṣù Kẹwàá 2018, ètò DNS over HTTPS jáde: ìbéèrè náà pàápàá di àrokò. Ní oṣù Kejì 2020, Mozilla bẹ̀rẹ̀ sí tan án fún àwọn tí ń lo Firefox ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbéèrè tí a lè dáhùn láìjẹ́ pé ẹnìkan gbọ́ ọ. Cloudflare ni Mozilla yàn ní olùdáhùn. Ohun tí a pa mọ́ fún ẹni ìṣáájú ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àdéhùn wà pé kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ ju wákàtí 24 lọ. Àdéhùn dára, kò wulẹ̀ sọ olùdáhùn di afọ́jú ni. Chrome gba ọ̀nà mìíràn ní 2020: kò pààrọ̀ olùdáhùn oníbàárà, bí onítọ̀hún bá gbọ́ èdè àrokò ni ó ń fi bá a sọ̀rọ̀.

Ní Britain, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì dárúkọ Mozilla mọ́ àwọn aṣebi ọdún 2019, nítorí pé àrokò náà lè fo ògiri tí ó ń dí àwòrán ìfìyàjẹ ọmọdé. Láìpẹ́ ni wọ́n yọ orúkọ náà kúrò. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn pátápátá: òbí tí ó fi irú ògiri bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ọmọ rẹ̀ lè má mọ̀ pé Firefox ti ń gba ibòmíràn kọjá. Òun náà ni ó lè ṣí ibi ètò Firefox, kí ó pa á, tàbí kí ó yan olùdáhùn mìíràn.