Jíà tó ń dín gásóyì kù, àti ibi tí kò yẹ ká lò ó

Ẹ̀yin ará Djaloukou, ẹ̀yin ará Savalou àti Bantè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù la mú wá lónìí, torí pé ọ̀pọ̀ yín ló ń jókòó ti ẹrù yín nínú ọkọ̀ lásìkò kajú yìí.

Ẹ mọ̀ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú aláìṣe lọ sí òkè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe é wà ní Glo-Djigbé. Ọkọ̀ tó bá ń lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa á gba Dásà àti Bohicon, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Lama kó tó gòkè lọ sí Allada. Ilẹ̀ títẹ́jú wà lọ́nà náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Jíà tí awakọ̀ bá lò níbẹ̀, tí àwọn míì ń pè ní fítẹ́sì, kan owó yín, ó sì kan ẹ̀mí yín.

Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo. Bí bẹ́líìtì bá ti ara wíìlì ńlá lọ sára wíìlì kékeré, kékeré á máa yí kíákíá ju ńlá lọ, àmọ́ agbára rẹ̀ á dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíà rí. Ní jíà kìíní, ẹ́ńjìnì á yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ á rọra rìn, ṣùgbọ́n á lè fa ẹrù. Bí a bá ń yí jíà sókè, a ó dé èyí tí ẹ́ńjìnì àti ọ̀pá ń yí bákan náà.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, jíà míì tún wà lókè ìyẹn. Nínú rẹ̀, ọ̀pá ń yí ju ẹ́ńjìnì lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní òfádíráìfù. Nínú àpótí jíà ZF ti Jámánì kan tó ní jíà 16, ẹ́ńjìnì kì í yí ju 0.84 lọ kí ọ̀pá tó yí ẹyọ kan. Ká ní ọkọ̀ kan ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí, tí ẹ́ńjìnì ń yí ní 1,700 ní ìṣẹ́jú kan nínú jíà ọgbọọgba. Bó bá bọ́ sí òfádíráìfù, eré yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì á wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,430. Ariwo á dín, gásóyì á dín.

Ṣé kí awakọ̀ wá máa lò ó níbi gbogbo ni? Rárá o. Agbára tó jẹ́ 100 ti di 84. Bí ọkọ̀ bá kún fún kajú tó sì ń gun òkè, ẹ́ńjìnì á máa mí gúlegúle, èéfín dúdú á máa jáde, gásóyì tí a rò pé a ń tọ́jú á sì jóná dànù. Kí awakọ̀ tètè já jíà wálẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló léwu jù. Nínú jíà kékeré, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa ń di ọkọ̀ mú. Nínú òfádíráìfù, ìdìmú yẹn kéré. Bí awakọ̀ bá sì yọ jíà pátápátá, kò sí rárá. Bíréèkì nìkan ló kù. Á gbóná, á sì dé ibi tí a ó tẹ̀ ẹ́ tí kò ní mú mọ́. Òfin àtijọ́ àwọn awakọ̀ ni pé jíà tí o lè fi gun òkè náà ni kí o fi sọ̀ ọ́, kí o sì ti mú un kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jóná nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀, ẹ pariwo. Kí ó dúró níbi tó tẹ́jú, kí bíréèkì tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àpàrántì da omi sí i, irin gbígbóná lè sán. Ẹ má sì máa sọ fún awakọ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ sáré, ọjà ti ń tú." A fẹ́ kí ẹ délé.

Ó dìgbà kan ná o.