Ilé Olówó Pọ́ọ́kú Ní Ọ̀jọ́, Ìbà Àti Okokomaiko: Ṣé Kí A Kó Lọ Síbẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tọkọtaya máa ń gbé tọ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wá nígbà tí owó ilé bá tún gbéra sókè. Lanlọ́ọ̀dù ti fi owó kún owó ní Mushin tàbí ní Sùúrùlérè. Ẹnì kan sì ti sọ fún wọn pé iye tí wọ́n fi ń gbé yàrá méjì níbẹ̀ lè gba odindi fúláàtì ní Ìyànà Ìbà tàbí ní Okokomaiko. Ọkọ fẹ́ kó lọ, aya ń fà sẹ́yìn. Wọ́n á wá béèrè pé: "Pásítọ̀, ṣé ibẹ̀ yẹn dára láti gbé?"

A kì í sáré fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì 2:19-22, àwọn ará Jẹ́ríkò tọ wòlíì Èlíṣà lọ nítorí ìlú wọn. Wọn kò tan ìránṣẹ́ Ọlọ́run jẹ. Wọ́n sọ fún un pé ibi tí àwọn tẹ̀dó sí dára, wọ́n sì sọ fún un pé omi ibẹ̀ kò dára. Òtítọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ẹnu kan ṣoṣo sọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kó ilé ṣe: kí ó ka èyí tó dára, kí ó ka èyí tí kò dára, kí ó tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.

OHUN TÓ DÁRA NÍBẸ̀

Ọ̀jọ́ kì í ṣe ìgbẹ́. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ó sì ti jẹ́ ìlú kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì tó gba ibẹ̀ kọjá. Lójú ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975, tí àwọn èrò fi ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Volks títí dòní. Ibẹ̀ ni ọgbà Trade Fair wà. Ibẹ̀ náà ni ọjà Alábà wà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń wá ra rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì láti gbogbo Nàìjíríà àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá. Ní sáà Gómìnà Lateef Jákáńdè, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn mẹ̀kúnnù sí Ìbà. Ní 1983 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń tajà ní Alábà tàbí ní Trade Fair, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní LASU, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àgbárá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti rí ilé nítòsí oúnjẹ rẹ̀. Àwọn kan a máa pa á lówe pé ọ̀wọ́n là ń ra ogo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Òwe náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló bá wí. Ọ̀pọ̀ ìdílé Kristẹni ló ti tọ́ ọmọ yanjú ní àdúgbò wọ̀nyí.

Ọ̀NÀ NI OMI JẸ́RÍKÒ TIWA

Ohun tó korò níbẹ̀ ni ọ̀nà. Ní sáà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá (2007 sí 2015) ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀nà náà gbòòrò sí i, tí wọ́n sì fi ojú irin sí àárín rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà kò ní gbàgbé kòtò, eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, 2023, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Nínú ètò ìjọba, Okokomaiko ni òpin rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ kìlómítà 27. A dúpẹ́ fún èyí tó ti wà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ń dúró lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má ṣe fi ibi tí wọ́n ní yóò dé ṣírò.

Nínú Lúùkù 14:28, Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ṣírò pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ilé tuntun fi N300,000 dínwó lọ́dún sí ti àtijọ́. Ká ní owó ọkọ̀ bàbá àti ìyá wá fi N1,500 lé sí i lójúmọ́. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, N33,000 nìyẹn. Fún oṣù 12, ó di N396,000. Ilé tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú ti gba N96,000 ju ti àtijọ́ lọ, a kò sì mọ ìgbà tó gbà á.

Owó nìkan kọ́. Bí ìrìn náà bá fi wákàtí méjì kún ọjọ́ kan, wákàtí 44 ni lóṣù, 528 lọ́dún. Ọjọ́ 22, tọ̀sán-tòru, ló lọ sínú dánfó. Diutarónómì 6:7 pàṣẹ pé kí òbí máa kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nígbà tó bá jókòó nílé, nígbà tó bá ń rìn lọ́nà, nígbà tó bá fẹ́ sùn àti nígbà tó bá jí. Bàbá tó ń jáde kí ọmọ tó jí, tó ń wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò ṣe? Iye tí ilé ń náni gan-an nìyí, kò sì sí nínú ìwé tí àwọn éjẹ́ǹtì ń fún ni.

OHUN MÁRÙN-ÚN KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

1. Ẹ dán ọ̀nà wò. Ẹ má lọ wo ilé ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ wọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkejà, kí ó dán ọ̀nà LASU sí Ìgàndó àti Ìyànà Ìpája wò pẹ̀lú.

2. Ẹ wo omi. Ẹ bu omi kànga tàbí bóhọ̀lù ilé náà sínú abọ́ funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá pọ́n bí ìpẹtà, aṣọ funfun yín ti rí ọ̀tá. Ẹ tọ́ ọ wò bóyá ó ní iyọ̀, nítorí ọ̀sà àti irà kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ òjò, kí ẹ wo ara ògiri bóyá omi ti fi ààlà sílẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ń din àkàrà ní ìta. Kò ní kọmíṣọ̀n tí yóò gbà lórí ilé náà.

3. Ẹ wo ìwé. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé kí lanlọ́ọ̀dù má ṣe béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó mú ìwé sọ́fè lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba, kí ó má bàa jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Òfin 2016 ti sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n a máa ṣèwádìí kí ó tó dé kóòtù.

4. Ẹ wo àdúgbò. Ẹ lọ níbẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù ní ọdẹ àti géètì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ti bàlágà, ẹ béèrè nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn, nítorí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, ọ̀tá a máa fi ìdẹ síbẹ̀. Ẹ wádìí bóyá páìpù epo gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 2020, ìbúgbàù tó ṣẹlẹ̀ nítòsí páìpù epo ní Abúlé Àdó, lẹ́bàá ọ̀nà yìí kan náà, pa èèyàn, ó sì wó ilé àti ilé ìwé.

5. Ẹ wo ilé Ọlọ́run. Níbo ni ẹ ó ti máa sìn? Ìdílé tó bá ní òun yóò máa ti Okokomaiko lọ sí ìjọ àtijọ́ ní Mushin, ó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Láìpẹ́, ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ yóò bọ́. Lẹ́yìn náà, Sọ́ńdè yóò di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ mọ ìjọ tí ẹ ó dara pọ̀ mọ́ kí ẹ tó di ẹrù, kí pásítọ̀ yín sì fà yín lé wọn lọ́wọ́.

ÌDÁHÙN WA

Ìdáhùn wa nìyí. Bí oúnjẹ yín àti ilé ìwé àwọn ọmọ bá wà ní apá ibẹ̀, tí omi rẹ̀ mọ́, tí ìwé rẹ̀ pé, ẹ kó lọ pẹ̀lú ọpẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ àdúgbò yín dójú tì yín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọkọ bá wà ní Victoria Island, tí ti aya wà ní Ìkejà, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá méjì tí bàbá ń jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ sàn ju fúláàtì tó ń bá wọn nínú oorun lọ. Kí tọkọtaya jọ pinnu. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 13, Lọ́ọ̀tì gbé ojú sókè, ó rí pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lómi, ó sì yàn án. Kò béèrè irú ènìyàn tó wà ní Sódómù. Ìdílé rẹ̀ ló san gbèsè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ẹ má ṣe gbé ibẹ̀ bí àlejò tó ń dúró de ọkọ̀. Jeremáyà 29:7 ní kí àwọn tó wà ní Bábílónì pàápàá máa wá àlàáfíà ìlú náà. Ọlọ́run kò sì sọ fún àwọn ará Jẹ́ríkò pé kí wọ́n kó kúrò. Iyọ̀ ni wòlíì rẹ̀ dà sí orísun omi, omi náà sì sàn. Ẹ̀yin ni iyọ̀. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn ará àdúgbò, ẹ dá sí owó gọ́tà, ẹ ṣí ìpàdé àdúrà sí pálọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ aládùúgbò rí ibi kàwé ní ilé yín.

Kí Olúwa tó mọ iye irun orí wa fi ẹsẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan lé ibi tí àlàáfíà wọn wà, ní orúkọ Jésù. Àmín.