Bí Kóró Kajú Ṣe Ti Ẹ̀bá Ààrò Dé Orí Òṣùwọ̀n

Igi kajú mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sì sí ẹni tó lè sọ ẹni tó gbìn wọ́n. Ìdí èyí tó tóbi jù ni wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́, abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn bàbá ti ń ta ayò bí oòrùn ọ̀sán bá le. Èso rẹ̀ la mọ̀ ọ́n fún. Bó bá ti pọ́n, ìbáà ṣe èyí tó pupa, ìbáà ṣe èyí tó dà bí ìyeyè, a ó gé e jẹ, omi rẹ̀ á ṣàn dé ìgúnpá, á kán sára aṣọ, àbàwọ́n tí ọṣẹ kankan ò ká. Kóró tó so rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Yíyí la ó yí i kúrò, a ó sọ ọ́ sẹ́bàá ààrò. Lọ́jọ́ tó bá pọ̀ díẹ̀, tí àgbàlagbà kan sì ráyè, wọ́n á bá wa yan án. Bí kò bá sẹ́ni tó ráyè, òjò àkọ́rọ̀ á bá a níbẹ̀, á sì hù.

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé yẹn kọjá lóṣù Ẹrẹ́nà báyìí, òṣùwọ̀n ni yóò rí tó ń fì lára ẹ̀ka igi náà. Ọkùnrin kan á ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ ti ògiri, á máa fi ọ̀bẹ kékeré la kóró wò, àwọn ọmọ á dúró yí i ká pẹ̀lú ike àti korobá. Èso tí à ń tìtorí rẹ̀ jà nígbà náà, ìdí ògiri ni wọ́n ń kó o jọ sí, tí eṣinṣin ń kùn lé e lórí.

Ìtàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ jìn ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, orúkọ igi náà ló sì kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ká ní ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gba kajú ni, "káṣúù" ni gbogbo wa ì bá máa pè é, bí àwọn alákọ̀wé kan ti ń pè é. "J" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà, ti àwọn Potogí ni, àwọn Potogí pẹ̀lú sì gbà á lẹ́nu àwọn Tupi, onílẹ̀ etíkun Brazil, tí wọ́n ń pe igi náà ní "acaju". Ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil ló ti ṣẹ̀. Ní 1558, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, André Thevet, tẹ ìwé jáde lórí ìrìn àjò rẹ̀ sí Brazil, àwòrán igi kajú sì wà nínú rẹ̀, tòun ti àwọn tó ń ká a. Wọ́n ní àwọn Tupi a máa fi kajú ka ọjọ́ orí: bí àsìkò rẹ̀ bá ti dé, kóró kan á wọ inú ìkòkò, ọmọ ti fi ọdún kan kún un nìyẹn. Ní Pirangi, nítòsí ìlú Natal, igi kajú kan ṣoṣo wà níbẹ̀ dòní tó gba ilẹ̀ tó ju 8,000 mítà onígun mẹ́rin lọ; pápá bọ́ọ̀lù ò tó o. Ẹ̀ka rẹ̀ ló ń tẹ̀ wálẹ̀, tó bá ti kan ilẹ̀, á ta gbòǹgbò, á tún gbéra. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ráhùn pé kajú ẹ̀yìnkùlé òun ń gba àyè jù.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kó o dé Goa ní Íńdíà, wọ́n kó o dé Mozambique, ó sì dé etíkun tiwa náà. Àwọn ará Goa ń fi omi èso rẹ̀ pọn ọtí tí wọ́n ń pè ní feni títí di òní. Ìlò mìíràn tí wọ́n rí fún un ni pé kì í bínú sí ilẹ̀ burúkú: á ta gbòǹgbò nínú yanrìn, á sì di ilẹ̀ mú. Nítorí ọ̀gbàrá ni wọ́n ṣe gbìn ín ní Udi, níhà Enugu. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá dá oko kajú sílẹ̀ ní Ìwó àti Erúwà, èyí tí wọ́n fi èrò owó gbìn. Ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1964, tún mú kajú mọ́ kòkó àti obì tó ń bójú tó. Ṣùgbọ́n igi ẹ̀yìnkùlé kò dúró de ìjọba. Ọmọdé ló gbìn ín láìmọ̀, nígbà tó gé èso jẹ tó sì ju kóró sẹ́yìn ògiri.

Èso tí à ń jẹ yẹn, kì í ṣe èso. Igi ọrùn kóró ló wú, tó kún fún omi. Kóró gan-an ni èso, òun ló sì kọ́kọ́ ń jáde: tútù minijọ, ó tẹ̀ bí kíndìnrín, á tóbi tán kí ohun tó gbé e dání tó bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ẹni tó bá wo igi kajú lóṣù Èrèlé á rí i dáadáa, kóró ńlá lórí ọrùn tínńtín. Ibẹ̀ ni òfin ìyá wa àgbà ti wá. Wọn kì í jẹ́ ká fi ọ̀pá já kajú.

"Ẹ jẹ́ kó já fúnra rẹ̀! Èyí tẹ́ ẹ já yẹn, ikùn rẹ̀ ò tíì kún."

Àwa rò pé igi ni wọ́n ń ṣàánú. Àṣé inú kóró ni wọ́n ń wí. Kajú tí a fi ọ̀pá já lè pọ́n lójú, kí ohun tó wà nínú kóró rẹ̀ jẹ́ awẹ́ rírẹ̀ kan tí kò ní ọ̀rá. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ já ló gbó. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣà á, lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kejì-kejì, kí ìrì àti ewúrẹ́ tó bà á jẹ́. Wọ́n á yí kóró kúrò láìjẹ́ kí ẹran èso ṣẹ́kù sí i lára, torí ibẹ̀ ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, títí wọn yóò fi mì ín létí tí yóò máa ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ohun tí ọlọ́kadà yẹn ń fi ọ̀bẹ wò lónìí kò yàtọ̀ sí èyí tí ìyá àgbà ń fi etí gbọ́. Òwò ńlá ti sọ ọ́ di ìṣirò: wọ́n ń ka iye pọ́n-ùn tó ṣeé jẹ tí yóò jáde láti inú àpò 80 kílò. Bí iye yẹn bá ti relẹ̀, owó á relẹ̀.

Yíyan rẹ̀ wá ni iṣẹ́. Wọn kì í yan kajú nílé ìdáná. Ẹ̀yìn ilé, níta gbangba, ni wọ́n ti ń dá iná sáàárín òkúta mẹ́ta, wọn a sì kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí gbogbo ènìyàn lè dúró sí òdìkejì. Páànù àlòkù kan la máa ń lò, tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí nídìí. Wọ́n á da kóró sí i, wọ́n á sì máa fi igi gígùn rò ó. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, kóró á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ṣííì, ṣííì, epo dúdú á máa ta jáde lára rẹ̀ bí ẹni tutọ́. Bí epo yẹn bá ti kan iná, ọwọ́ iná á bú sókè, èéfín á dúdú bí ti táyà, ẹni tó bá fà á símú á wúkọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àkókò yìí ló ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n yan hàn. Bí wọ́n bá yára gbé e kalẹ̀, epo ò tíì jáde tán, yóò jó wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pẹ́, a ó pa èédú. Ìyá àgbà kì í wo aago. Bí iná bá ti gba ojú páànù kan, wọ́n á fi igi gbá gbogbo rẹ̀ dànù sórí iyanrìn, wọ́n á sì bu eérú bò ó. Eérú ló ń pa iná, òun náà ló ń fa epo tó kù lára èèpo. Tó bá ti tutù, a ó fi eérú pa ọwọ́, oníkálukú á wá akọ òkúta tirẹ̀. A kì í fi ìbú kóró lélẹ̀ pa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ń gbé nàró, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ sókè, ká wá lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì á jẹ ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn èyí ló kù ká bó awọ pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá yọ jáde lódidi, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí èéfín díẹ̀ ń ta sánsán lára rẹ̀, mi ò tíì rí ti inú ike ilé ìtajà tó dùn tó o.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, ó fi eyín fọ́ kóró tútù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ètè rẹ̀ ti wú bí ẹni tí agbọ́n ta, ó bó, ó sì lo bí ọ̀sẹ̀ kan tí kò lè jẹ ata. Àwa yòókù ò sì gbọ́n: epo yẹn kan náà la fi ń ya àwòrán sí apá, tí awọ ara á bó níbẹ̀, tí ojú àpá á dúdú.

Èèpo kajú ní ìpele méjì, àárín wọn sì rí bí afárá oyin. Inú ihò wọ̀nyẹn ni epo náà ń gbé, ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ ló ń jó ara. Ìdílé kan náà ni kajú àti máńgòrò. Ẹni tí oje máńgòrò bá ń da ẹnu rẹ̀ láàmú, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń bá jà. Kódà kajú tí wọ́n kọ "tútù" sí lára lọ́jà òyìnbó, wọ́n ti fi ooru omi sè é nínú èèpo kó tó dé ibẹ̀.

Lójú tèmi, epo yìí ló pilẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo ẹ̀pà. Ìyá kan lè pa á nílé, kó yan án, kó gbé e sórí àtẹ lójú títì, kó tà á tán kó tó di alẹ́. Kò sí ẹni tó ń bá a dù ú. Kajú ò gbà bẹ́ẹ̀, torí iná tirẹ̀ ò ṣeé dá láàárín ilé tó fún mọ́ra, èèpo rẹ̀ sì ń bó ọwọ́. Ibi tí wọ́n bá ti rí ọwọ́ púpọ̀ tó lè fara da ìyà yẹn ni kóró ń lọ. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, Kollam, ní gúúsù Íńdíà, ni ibẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jókòó ní ìlà-ìlà láti pa á, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń kó kóró Mozambique àti Tanzania wá bá wọn. Vietnam ló gba ipò iwájú lẹ́yìn náà, tòun ti ẹ̀rọ. Epo tó wú ètè ẹ̀gbọ́n mi kò sì ṣòfò: wọ́n ń fún un jáde lára èèpo, wọ́n ń fi í ṣe bíréèkì ọkọ̀ àti ọ̀dà.

Ní tiwa, ní 1986 ni ìjọba àpapọ̀ fọ́ àwọn àjọ tó ń ra irè oko ká. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ rajà láti abúlé dé etíkun, kóró tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò. Kogí ló ń ṣíwájú nínú rẹ̀ báyìí, àwọn ará Okùn sì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú kóró náà ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ tòun ti èèpo. Nínú kílò mẹ́rin, ńṣe ni kílò kan ṣeé jẹ; èyí túmọ̀ sí pé bí à ń san owó ọkọ̀ orí mẹ́rin, èèpo ló gba mẹ́ta nínú rẹ̀. Côte d'Ivoire tó ń kórè ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ lọ́dún, ìṣòro kan náà ló ń bá yí. Orílẹ̀-èdè Benin ti gbégi dínà fún tiwọn: láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ìgbé 2024, wọ́n ní kóró tútù ò gbọdọ̀ jáde mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé ni yóò máa pa á. Àwọn Yorùbá Ṣábẹ, tí oko kajú pọ̀ lágbègbè wọn, wà lábẹ́ òfin náà. Ọgbọ́n ń bẹ nínú rẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ àgbẹ̀ tí òǹrajà kan ṣoṣo kù fún, tòun ti àpò rẹ̀ ló máa jókòó títí tí ẹni yẹn yóò fi sọ iye tó wù ú.

Nínú ilé wa, ohun tó kọ́kọ́ dé kí owó tó dé ni ẹjọ́. Igi mẹ́ta tí kò lólúwa wá di igi tó ní olówó mẹ́ta. Ẹnì kan ní bàbá òun ló gbin ti ẹ̀bá kànga, ẹnì kejì ní abẹ́ fèrèsé òun ló wà. Àwọn ọmọ ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣà á kó tó di aago márùn-ún ìdájí, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà ṣáájú wọn. Wọ́n gé ọ̀kan lulẹ̀ lọ́dún tí ìjà yẹn le jù.

Mo délé lóṣù Ìgbé tó kọjá. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àpò méjì tán ni. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti kóńgò kan wọ abẹ́ àga, wọ́n ní ọlọ́kadà ò gbọdọ̀ rí i.

"Èyí ò sí nínú tirẹ̀," ni wọ́n wí.

A lo páànù tì, ìpẹtà ti jẹ ihò rẹ̀ gbòòrò jù, kóró ń já bọ́ sínú iná. Ìkòkò irin tó ti sán létí la wá lò. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ dúró nítòsí, Àǹtí fi igi gígùn lé e lọ sí òdìkejì èéfín. Nígbà tí a dé Ìbàdàn lálẹ́, aṣọ wa ṣì ń rùn, eérú sì wà lábẹ́ èékánná ọmọ náà.