Owó wà lápò, ṣùgbọ́n ṣé káàdì ìlera ọmọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin òbí, tí wọ́n bá bi yín pé ta ni tálákà, ẹ máa ní ẹni tí kò lówó ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Tamale ní àríwá Ghana ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣòwò títí di 1969 tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ká ní ìyá kan ń taṣọ níbẹ̀, tó ń jẹ àjẹyó. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru, ọjọ́ sì ti kọjá lórí káàdì adójútòfò ìlera ọmọ náà. Ó ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ó di ọjọ́ ọjà kí òun tó rówó ọsibítù. Ibà kì í dúró de ọjọ́ ọjà. Lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, kíá ló lè di gìrì tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ìdí nìyí tí Ghana Statistical Service kò fi wo owó nìkan. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2020, nǹkan 12 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ìṣẹ́. Ṣé ọmọ ń lọ sílé ìwé? Ṣé omi tó mọ́, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Ṣé ẹ ní adójútòfò ìlera? Tí wọ́n bá fi owó nìkan wò ó, bíi 23 nínú ènìyàn 100 ni tálákà. Òdiwọ̀n yìí rí bíi 46. Àìní adójútòfò ìlera wà lára ohun tó dá kún un jù. Ní Nàìjíríà, irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní 2022 rí 63 nínú 100.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ yẹ káàdì gbogbo ará ilé wò lónìí. Ní Ghana, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 àti aláboyún kì í san owó àdásan ọdọọdún. Ẹ lè tẹ *929# lórí fóònù láti sọ káàdì dọ̀tun. Ní Nàìjíríà, ẹ béèrè nípa ètò ìpínlẹ̀ yín.

Ṣùgbọ́n tí gìrì bá mú ọmọ, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, káàdì wà o, káàdì kò sí o.